Ojú Òsì Ti Kọ́ṣẹ́

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Marseille. Ṣé ara gbogbo ilé le ní Okpomèta?

Kámẹ́rà àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń bá wọn ṣe gbogbo nǹkan. Ọwọ́ ni èmi fi ń yí ojú kámẹ́rà tèmi níbi ìgbéyàwó: ojú kúkúrú fún èrò púpọ̀, ojú gígùn fún ìpéǹpéjú ìyàwó. Màá yọjú wo ihò ẹ̀yìn rẹ̀, màá yí i títí àwòrán á fi mọ́, màá yí i kọjá díẹ̀ kó tún ṣú, kí n tó dá a padà. Ọ̀gá mi ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi. Kò parọ́!

Mo máa ń di ojú kan, bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá ń wò ó bóyá ebè tí ẹ kọ tọ́. Ojú òsì ni mo ń lò báyìí. Dókítà ní kí ọ̀tún sinmi. Ẹ má sọ fún Màmá. Òsì ti kọ́ṣẹ́ náà dáadáa.

Fọ́tò yín tí Fabrice àbúrò mi fi ránṣẹ́ dé. Ẹ rẹwà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó gba ohùn yín sílẹ̀ fún mi, kí ẹ fẹnu sọ irú fìlà tí ẹ dé nínú fọ́tò náà.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Sidonie yín