Omi Inú Ẹ́ńjìnì

Ọjọ́bọ̀, Kérésì ku ọ̀túnla

Orí mi ṣì ń gbóná! Àwọn tó ta mọ́tò fún wa l'Ágídìngbì ti gba èyí tí wọ́n yá wa lò padà, èyí tí à ń lò látìgbà tí tiwa ti bàjẹ́ tó sì wà lọ́dọ̀ wọn fún àtúnṣe. Wọ́n ní omi ni àwọn bá níbi tó yẹ kí ọ́ìlì wà nínú ẹ́ńjìnì tiwa, gàráńtì ò sì kan ìyẹn. Mo pariwo mọ́ wọn. Mo fi ìyá mi búra pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ògbómọ̀ṣọ́ tí à ń lọ lọ́la wá ńkọ́?

Mo ṣì ń bú wọn nígbà tí mo délé. Màámi ní, "Kì í ṣe omi lásán. Omi àdúrà ni. Wòlíì ní kí n dà á sí i nítorí ìrìn àjò."

Ta ni kí n wá bú báyìí?

Màámi tún ń bi mí pé mọ́tò wo la máa gbé lọ, torí omi ṣì kù nínú ike.