Òjìji Ọkọ̀ Ojú Sánmà

Agboolé Ladánì,
Òwu-Ìsin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 2025.

Bilqis, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé nínú Èkó tí o wà. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń gba ọ̀fun rẹ kọjá? Kì í ṣe ìkíni lásán ni mo fi béèrè oúnjẹ, ohun tí mo gbọ́ ló fà á. Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó dá wa sí. Ìyá rẹ ń kí ọ púpọ̀. Orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún ti fúyẹ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu àtimáa bá mi jà nítorí bàtà tí mo ń gbé sẹ́nu ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí yóò yà ọ́ lẹ́nu, torí ó ti pẹ́ tí mo ti kọ irú rẹ̀ sí ọ. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń pè ọ́, obìnrin inú ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn pé o ti pa fóònù. Eunice tí ẹ jọ ń gbé yàrá ló wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ Wosilat pé o kì í jẹun, o kì í jáde, àti pé o ti kọ̀wé sí ọ̀gá yín, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìyá, pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò nínú fíìmù náà, kí ìwọ náà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé lo fẹ́ fi ìwé ọ̀hún jíṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Wosilat wọkọ̀ ní àárọ̀ Sátidé, kí lẹ́tà yìí lè bá ọ kí ọjọ́ Ajé tó pé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò tiẹ̀ ṣeé sọ lórí fóònù. Ìpè ìrun ló mọ́ ẹnu ladánì lára, ẹ̀bẹ̀ kò mọ́ ọn lára.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí Wosilat ti Òrò tó ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà dé sílé. Ó ní àgékúrú fíìmù yín ti jáde, ìṣẹ́jú méjì péré tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, àti pé àwọn ènìyàn ti ń retí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá bí ẹni ń retí òjò àkọ́rọ̀. A yí fóònù náà ká bí ẹni tó ń yáná. Nígbà tí ọkọ̀ tó ti ojú sánmà wá náà sọ̀kalẹ̀ sí pápá iwájú mọ́ṣáláṣí wa, ìyá rẹ gbá mi lápá mú. Ó ní, "Bàbá Wosilat, ògiri wa nìyẹn." Lóòótọ́, ògiri wa ni, tòun ti ibi tí òjò ti jẹ lára rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ náà láàárín èrò, ó lanu, ó ń wòkè. O rántí pé lọ́jọ́ tí ẹ ya àwòrán yẹn, àkísà pupa tí ẹ so mọ́ ọ̀pá ọparun lẹ ní kí wọ́n máa wò bí ẹni tó rí ohun ẹ̀rù. Ó ti ń ráhùn láti ìgbà náà pé ẹ sọ òun di ẹlẹ́yà níwájú àwọn àna òun. Ìgbà tó wá rí ohun tí o fi rọ́pò àkísà, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí Wosilat tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lẹ́yìn náà ni Wosilat bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú o. Ọ̀pọ̀ ló ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí nínú fíìmù ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bú u ló ń pọ̀ sí i. Ẹnìkan ní ó dà bí ìwé tí ọmọdé gé lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹlòmíràn ní ọkọ̀ náà ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹlòmíràn tún béèrè pé ta ló ṣe ibẹ̀ yẹn, ṣé ó ń tòògbé ni. Wosilat ò kà á síwájú mọ́, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é. Mo bínú. Mo ní ẹ wo àwọn aláìníṣẹ́, ẹni tí kò lè fi igi ya adìẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń bú ẹni tó ya ọkọ̀ ojú sánmà. Ìyá rẹ ní kí n rọra, ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ náà ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wọ jígí mi, mo ní kí Wosilat dá a dúró síbi tí ọkọ̀ ti balẹ̀ tán. O mọ̀ pé iṣẹ́ òjìji ni iṣẹ́ mi. Òjìji gbogbo èrò inú pápá nà gbọọrọ, ó kọjú sí gábàsì bí ẹni tó fẹ́ kírun, ti ìyá rẹ tiẹ̀ dé ìdí ògiri mọ́ṣáláṣí. Òjìji ọkọ̀ kúrú ní tirẹ̀, ó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn méjì ló wà nínú àwòrán náà, Bilqis. Ọ̀kan ti ń wọ̀ lọ, èkejì ṣì wà lókè. Àwọn tó ń bú ọ ò mọ ohun tí wọ́n rí, ojú wọn kàn kọ̀ ọ́ ni. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì mọ ẹni tó fi oòrùn kejì síbẹ̀. Èmi ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá mi tó ṣe ladánì ṣáájú mi kọ́ mi pé ìdúró ènìyàn jẹ́ ẹsẹ̀ méje, ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ kí n tó pe Alásárì, mo máa ń bọ́ bàtà, màá dúró sójú oòrùn, màá fi ẹsẹ̀ wọn òjìji mi, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ní àsìkò ọyẹ́, tó bá ti pé ẹsẹ̀ mọ́kànlá, ìrun ti wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé fóònù àwọn ń sọ àkókò fún àwọn. Mo máa ń ní ta ló sọ fún fóònù.

Ọjọ́ tí ẹ wá ya fíìmù náà, Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún tó kọjá, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ wà nínú pápá. Èmi ń wọn òjìji mi, ìwọ gbé bọ́ọ̀lù tó ń dán bíi dígí sórí ọ̀pá, o ń yà á. Mo bi ọ́ pé kí nìyẹn. O ní, "Bàbá, bọ́ọ̀lù yìí ló máa sọ ibi tí oòrùn wà fún mi, kí ohun tí mo bá fi kọ̀ǹpútà dá lè gba oòrùn kan náà pẹ̀lú yín." Mo ní ó jẹ́ pé ladánì ni bọ́ọ̀lù rẹ náà. O rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo wọ̀n nígbà yẹn. Ẹ bá ti ya àwòrán yín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà yín ṣe segesege, kí ẹ tó tún un ṣe, ìrun ti tó.

Inú mi ò dùn lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́. Láti àárọ̀ ni àwọn ará ilé ti ń fi ọ̀rọ̀ gún mi lára pé ọmọ ladánì wọ ṣòkòtò, ó ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin láàárín pápá. Alfa kan tó wá kí wa láti Bàbáńlá tún sọ sí mi létí pé ẹni tó ń dá àwòrán, wọn yóò ní kó fi ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo pe ìrun tán, o wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, o kúnlẹ̀. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti kírun tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè jáde. Oòrùn ò ní dúró dè wá." Mo kọjá lára rẹ, mo wọlé.

Lèmọ́mù wa rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ṣáájú ìrun. Ìrun Alásárì kì í pẹ́. A ti sálámà tán, mo yíjú padà, mo rí i pé gbogbo èrò tí ẹ ń dúró dè ló jókòó síwájú mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ wáàsí tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe. Orí sùúrù ni mo wáàsí lé. Mo sọ ọ̀rọ̀ sùúrù títí àwọn àgbàlagbà fi ń wo ojú ara wọn. Mo gbọ́ ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ọláìyá níta tó ń bẹ̀bẹ̀, mo tún fi ìtàn mìíràn kún un. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní lọ́kàn mi pé lónìí ni ẹ ó mọ̀ pé oòrùn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ yín.

Ìgbà tí a jáde, aago márùn-ún ti kọjá. Ọkàn mi ti ń gún mi, mo bọ́ bàtà, mo tún òjìji mi wọ̀n. Ẹsẹ̀ mọ́kàndínlógún ni. Nínú ìwé mi, láti ọdún tí mo ti ń kọ ọ́, ọjọ́ yẹn nìkan ló ní ju ìwọ̀n kan lọ. Mo gbójú sókè, mo rí ọ, ọwọ́ rẹ ti wà lórí àpótí bọ́ọ̀lù, o fẹ́ tún un gbé dúró kí o tún un yà. Ọ̀gá rẹ ní kò sáyè mọ́, kí olúkálukú gba ipò rẹ̀, oòrùn ń lọ. O wo àpótí, o wojú mi, o fi í sílẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn oòrùn tán, tí mo sì mọ ohun tí bọ́ọ̀lù wà fún, mo dákẹ́. N kò mọ̀ pé yóò dé ibi tó dé yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ tó ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ìwọ padà sí Èkó, o gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí bọ́ọ̀lù sọ fún ọ kí a tó kírun, o fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Àná ni mo lọ ro ẹjọ́ ara mi fún Lèmọ́mù. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ alfa ará Bàbáńlá nípa àwòrán. Ó ní àwọn onímọ̀ ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti jiyàn lórí wáàsí tí ènìyàn fi gbẹ̀san lára ọmọ rẹ̀. Ó wá ní, "Ladánì, ẹni tí o ṣẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Ti Ọlọ́run lè tẹ̀lé e." Ojú tì mí ní ọjọ́ orí mi yìí.

Nítorí náà, Bilqis, mo bẹ̀ ọ́. Dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ọ lórí ẹ̀rọ, èmi ni kí wọ́n sọ ọ́ sí. Má fi ìwé yẹn jíṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Mú lẹ́tà tèmi lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọláìyá dípò rẹ̀, kí ó kà á, kò sí ohun tí mo fi pamọ́ níbẹ̀. Tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ó pè mí, kì báà jẹ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Eunice ní ọdún Iléyá ni fíìmù náà yóò jáde, oṣù mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ tí o kọ́ kò ní àbùkù kankan lójú mi. Òjìji rẹ̀ ni kí o nà, kó bá ti ìyá rẹ dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ ló dùn mí jù. Wosilat ní tí fíìmù bá parí, orúkọ àwọn tó ṣe é máa ń gòkè lọ lójú ògiri, pé àwọn ènìyàn kì í dúró kà á, wọ́n á ti máa wá bàtà wọn. Èmi pẹ̀lú ìyá rẹ yóò lọ wò ó ní Ìlọrin, a ó sì jókòó títí Bilqis Awóyẹmí yóò fi kọjá. N kò sọ ọ́ fún ọ rí pé mò ń fi ọ́ yangàn. Mò ń sọ ọ́ báyìí.

Kí Ọlọ́run mú ìbànújẹ́ kúrò lọ́kàn rẹ. Kí ó la ọ́ lójú sí ohun tó fara sin, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má di ẹlẹ́yà mọ́ láé, kí o sì bí ọmọ tí yóò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí èmi ṣe gbọ́ tìrẹ lọ. Ìyá rẹ fi èlùbọ́ rán Wosilat. Jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, torí ó ti ní kó wá jábọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Àbúdùlàhí Awóyẹmí,
Ladánì.

Àfikún: Ohun tó wà nínú ìwé mi fún ọjọ́ náà rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà. Nígbà tí Bilqis gbé bọ́ọ̀lù dúró, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án. Alásárì, ẹsẹ̀ mọ́kànlá. Lẹ́yìn wáàsí, ẹsẹ̀ mọ́kàndínlógún, ó kọjú sí gábàsì gan-an. Kí o má bàa ní o ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gùn tó, mo ti gbé ti ọ̀tún lé ẹ̀yìn ìwé yìí, ìyá rẹ sì fi báírò yí i ká. Ibi àtàǹpàkò wọ́ díẹ̀, torí ó ń rẹ́rìn-ín. Òun ni mo fi wọn oòrùn lọ́jọ́ náà, òun ni kí o fi tún un wọ̀n.