Mẹ́dà Mẹ́rin Dúrósinmí

Jímọ̀, 2 oṣù kìíní, 2026
Wọ́n pè mí láti báráàkì. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí ni ìrántí àwọn ṣọ́jà tó kú sógun. Wọ́n máa dárúkọ ọkọ mi — Méjọ̀ Dúrósinmí, tí wọ́n pa ní Borno lọ́dún tó kọjá. Mẹ́dà mẹ́rin, àmì ẹ̀yẹ ológun, ló gbà kó tó kú, wọ́n fẹ́ fi ìkarùn-ún kún un. Waliyat ọmọ wa ni yóò fi gbogbo ẹ̀ sáyà. Látàárọ̀ ló ti ń rìn bíi ṣọ́jà kiri fúláàtì wa ní Jakande.
Mò ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mẹ́dà ọ̀hún dà?

Sátidé, 3
Mo ti rántí. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n pín aṣọ rẹ̀. Inú opó ni mo wà, mi ò lè jáde lọ wo ohun tí wọ́n ń kó. Quadri àbúrò rẹ̀ ló gba yunifọ́ọ̀mù, tòun ti mẹ́dà láyà ẹ̀. Ta ló ń pín mẹ́dà mọ́ ṣòkòtò? Àwa náà ni!
Akọ́wé ni mò ń pe Quadri látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Akọ́wé ò gbé fóònù.

Àtìní, 5
Kò gbé e.

Àlàrùbá, 7
Iná ti jó dórí kókó. Wọ́n ti Akọ́wé mọ́lé ní báráàkì. Ilẹ̀ ló ń tà ní Ìbẹ̀jú. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ní Méjọ̀ lòun. Bàbá arúgbó kan tó ń dáko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, Bàbá Mikail, kọ̀, kò kúrò lórí ilẹ̀ náà. Akọ́wé ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn títí bàbá fi dákú.
Háà, Akọ́wé! Dúrósinmí fúnra ẹ̀ kì í jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyàwó ṣọ́jà ni mí, kí n má baà fi halẹ̀.

Jímọ̀, 9
Èmi àti Waliyat lọ sí báráàkì. Kápítéènì tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀rí ni mẹ́dà báyìí. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, a ò lè rí wọn gbà àfi tó bá parí. Ọdún mélòó nìyẹn?
Bàbá Mikail jókòó síta. Orúnkún ẹ̀ méjèèjì ti bó. Waliyat kúnlẹ̀, ó kí wọn. Bàbá ń ṣàdúrà fún un, wọ́n bi í pé ọmọ ta ni. Ó dárúkọ bàbá ẹ̀. Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àtìní, 12
Ìyá ọkọ mi wá. Àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún mi! Wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé Quadri ò pe ara ẹ̀ ní ṣọ́jà, kò sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá Mikail ò ní ẹlẹ́rìí. Ẹjọ́ á kú síbẹ̀, èmi náà á gba mẹ́dà mi.
Wọ́n ní, “Èyí tí mo sọ ní Dúrósinmí ò dúró. Ṣé èyí tó kù náà ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”
Waliyat gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti kíṣìnnì. Inú ń bí mi sí Ìyá, ó ń bí mi sí Akọ́wé. Ó ń bí mi sí ara mi jù, èmi tí mò ń ka ọjọ́ mẹ́ta tó kù.

Àtàláátà, 13
Mo kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i.
Wọ́n dá Akọ́wé sílẹ̀ kí ìrun Àlàásárì tó tó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níta gbangba, mo ní kó dìde jàre. Wọ́n kó mẹ́dà fún mi. Mi ò wo ibi tí Bàbá Mikail jókòó sí.

Àlàmísì, 15
Mo pe Waliyat pé kó wá, kí n bá a fi wọ́n sáyà. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Àyà tèmi ló fi wọ́n sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọ̀ wọ́n.”
Ó wọ bàtà. Ó ní òun ń lọ sí Ìbẹ̀jú, òun ń lọ bẹ Bàbá Mikail.
Ọkọ̀ báráàkì tó wá gbé wa ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Mi ò tíì lè tú wọn kúrò láyà mi.