Ìsinmi Ọ̀sán Tí Mo Ń Fún Ẹ̀rọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi obìnrin,

Mo kí ọ títí, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ilé tí o ń gbé pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀ tó pọ̀ tí orúnkún ìyá rẹ ò tíì gbàgbé. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ìbàdí mi tí màá dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àṣedànù. Ibi tí o bá ti ń wá ojútùú, ojútùú náà á ti máa wá ọ bọ̀, ẹ ó sì pàdé lójú ọ̀nà. Àmín.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù tí o rà fún mi ní inú òun ti kún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rí i pé kò yẹ kí n tún kó ẹjọ́ gígùn yìí lé e lórí. Ó tún ń bi mí bóyá mo gbà kí òun wo àwọn àwòrán mi. Mo ní rárá, nítorí n kò tíì rí àlejò tó ń bi onílé pé ṣé kí òun tú àpótí rẹ̀. Awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sọ́dọ̀ yín á gbéra ní ìdájí ọ̀la, Ọjọ́rú, ó sì ti ṣèlérí pé òun á fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ kí ìpàdé yín ti ọjọ́ Ẹtì tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí o gbé sí ṣọ́ọ̀bù mi ni. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó yé mi, kí o lè mọ̀ pé n kì í ṣe òpè pátápátá. O ní irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjì ni ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń ṣe. Èkíní ń gba ohun tí ènìyàn kọ, ó ń yí i padà sí ohun tó yé ẹ̀rọ, èkejì sì ń so àwọn ègé rẹ̀ pọ̀ kó di odindi nǹkan, bí a ṣe ń kan ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ orí rẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló lè yẹ inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe. Ẹ kì í sì í gbà á ní ṣíṣetán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, láti orí ìtì igi lẹ ti ń kàn án, irinṣẹ́ àná lẹ sì fi ń kan ti òní. Èyí ò le fún káfíńtà. Ìfági ọ̀gá mi ni mo fi fá igi tí mo fi ṣe ìfági tèmi. Ìyá rẹ ló ní kò yé òun, ó ní kí ló dé tí ẹ kì í tà á, mo ní kó jẹ́ kí ọmọ sinmi.

O gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí wá nítorí pé irú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ yín mọ́. O ní yóò máa kan irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà á, kí n máa kọ nọ́ńbà tí mo bá rí lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tó ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé nínú ọgọ́rùn-ún, kí awakọ̀ sì máa mú ojú ewé kan wá fún ọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìyá rẹ ń pè é ní Àlejò, nítorí orí tábìlì tó dára jù lo gbé e lé, kò sì sẹ́ni tó lè fi ayùn síbẹ̀ mọ́. O fa ìlà méjì sí ìwé náà, ti ọjọ́ àti ti nọ́ńbà. Èmi fa ẹ̀kẹta fún ìlera. Bóyá o ò kíyè sí i, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ pé ó gbóná, ó ń mí, ó gbóná gan-an.

Lẹ́tà rẹ tí awakọ̀ mú dé bà mí nínú jẹ́. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí nọ́ńbà kò kọjá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. O ní o ti tú gbogbo ohun tó wà ní ibi mọ́kànlá palẹ̀, o ò rí àbùkù kankan, oorun sì ti dá lójú rẹ. O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ òkè òkun, àwọn tí ẹ ò rí ara yín rí tí ẹ kàn ń kọ̀wé síra yín, ní bí ọjọ́ Ẹtì bá dé tí ẹ̀rọ àtijọ́ kankan kò parí iṣẹ́ náà, àwọn á yọ gbogbo irú rẹ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀rọ tí irinṣẹ́ yín ń bá ṣiṣẹ́. Ojú tì mí nígbà tí mo kà á fún Nọ́ọ̀sì. Irú ẹ̀rọ yìí gan-an ló wà ní ilé ìtọ́jú aboyún tó ti ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn wà. Ó ní bí ẹ bá yọ ọ́, ọjọ́ tó bá ṣàìsàn kò ní sí ẹni tó máa lè tún un ṣe, òun á sì padà sí ìwé. Ìwé ọ̀hún ni òjò lù lọ́dún kan, tí wọ́n fi gún ọmọ kan ní abẹ́rẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ mi, èmi náà ti jókòó ti mọ́kànlá yìí, mo wò ó dáadáa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ooru lọ. Bó bá fi máa dé mọ́kànlá, aago kan ọ̀sán ti lù, ara ẹ̀rọ á ti gbóná bí ayùn tó ti ń gé igi líle láti àárọ̀, inú rẹ̀ á sì máa hó. O mọ̀ pé n kì í fi irinṣẹ́ gbígbóná ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi pé ẹni tí kò bá fún irinṣẹ́ ní ìsinmi, irinṣẹ́ náà á fún un ní ìsinmi tipátipá. Nítorí náà ni mo ṣe ń jẹ́ kó sinmi láti ọ̀sán títí di ìdájí ọjọ́ kejì. Àgbà ẹ̀rọ ni, ìdajì ọjọ́ ti tó o. O ní kí n má fọwọ́ kàn án, n ò sì fọwọ́ kàn án rí, ara ògiri ni mo ti ń pa iná. Bí mo bá tan iná ní ìdájí, á jí, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kì í gbéraga. Ó lè ti dé mọ́kànlá lánàá, àmọ́ láàárọ̀, orí oókan ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo wí fún ìyá rẹ pé ká ní àwọn káfíńtà ìwòyí ní irú ìwà yẹn ni, ilẹ̀kùn kankan kò ní máa ké ní àdúgbò yìí.

Wàyí o, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ìyá rẹ ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo tan iná fún Àlejò ní ìdájí, mo ní kí n gbé pákó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ìbàdí mi bá ró kà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi rákò dé orí bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ tí ìyá rẹ sè sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n ò sì lè rìn kọjá ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣọ́ọ̀bù wà, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ó ń hó. Ilẹ̀ ṣú, ó ń hó. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sẹ́ni tí mo lè rán sí ara ògiri. Mo ń bẹ̀ ẹ́ láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí pé kó má bínú. Omi bọ́ lójú mi, n ò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀rọ tí ọmọ mi fi síkàáwọ́ mi, mo lò ó bí ẹrú.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì yà kí mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, n ò gbọ́ ohùn kankan mọ́. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo ní kó dì mí mú, a jọ rìn lọ. Ara Àlejò tutù rinrin. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ojú rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà, ló bá jókòó sórí àpótí ìṣó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí, kò sí àṣìṣe kankan. Ó fẹ́ pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, ẹni tó ṣẹ̀ ló yẹ kó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ojú ewé náà wà nínú lẹ́tà yìí. Lábẹ́ ìlera mo kọ pé ó tutù, kò mí mọ́, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ní kò kú.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán awakọ̀, má fi sí báńkì. Báńkì ní kí n kọ fọ́ọ̀mù láti fi hàn pé mo ṣì wà láàyè. Mo dúró níwájú wọn, mo ní kí wọ́n wò mí, wọ́n ní fọ́ọ̀mù ni àwọn ń wò. Fáànù kékeré kan ni mo fẹ́ rà fún Àlejò, àti òróró tí màá fi pa ìbàdí. Bí owó kò bá ká méjèèjì, fáànù ni ká rà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, sọ òtítọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, pé ìyà ni ẹ̀rọ yìí jẹ kó tó dé ọgọ́rùn-ún, àti pé kì í ṣe ìwà wa nílé yìí. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gba iṣẹ́ tí a fi ìyà ṣe, má sunkún, ránṣẹ́ sí mi. Màá tún tan iná fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì búra fún ọ, ìbàdí ì báà máa ro mí, ọ̀sán kan kò tún ní pọ́n kí n má pa á kó sinmi.

Kí Ọlọ́run dá oorun padà sí ojú ìwọ náà.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.