Ẹ Sọ Orúkọ Gáàsì Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Amúlétutù Wa

Ojúlé Kejìlá, Yàrá Ìsàlẹ̀,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fún Ẹ̀rọ Ilé Ní Àmì Ìràwọ̀,
Àjà Kẹta, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀYẸ̀WÒ INÚ Ẹ̀RỌ AMÚLÉTUTÙ KAN TÍ A KÒ LÈ TÀN, TÍ A KÒ SÌ LÈ DÁ PADÀ

1. Lẹ́tà mi kẹta rèé. Ẹ fèsì sí àkọ́kọ́ pé ẹ ti rí i gbà, kí n mú ẹ̀rí wá. Ẹ fèsì sí ìkejì pé ẹ ti fèsì sí àkọ́kọ́. Mo dúpẹ́ fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni èyí yóò bọ́ sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá kà á má baà sọ pé òun kò gbọ́ ti tẹ́lẹ̀.

2. Aránṣọ ni mí. Yàrá kan náà ni mo ti ń ránṣọ tí èmi àti ọkọ mi sì ń gbé. Máṣíìnì ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, áyọ́ọ̀nù mi wà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi wà lára ògiri tó kọjú sí wọn. Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkọ mi fi tún fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọ̀gá Yìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ẹ bá ti rí ẹ̀rọ tó tutù dáadáa ní òpópónà wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án rí.

3. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n pè é sí ilé kan pé ẹ̀rọ ibẹ̀ kò tutù mọ́. Àmì ara ẹ̀rọ náà sọ pé gáàsì R22 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn gáàsì àtijọ́ tí kì í tètè gbiná. Ọkọ mi ka àmì, ó gba àmì gbọ́. Kò mọ̀ pé ẹni tó tún ẹ̀rọ náà ṣe ṣáájú òun ti rọ R290 sínú rẹ̀, èyí tí kò yàtọ̀ sí gáàsì ìdáná, nítorí pé òun ló rọrùn láti rí. Nígbà tó tan iná láti fi jó páìpù pọ̀, ibi tó kúnlẹ̀ sí gbiná lọ́wọ́ kan. Àyà rẹ̀ jó, ẹ̀yìn rẹ̀ jó, apá rẹ̀ méjèèjì jó dé ọrùn ọwọ́. Àwọn tó wá kí wa nílé ìwòsàn ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo dáhùn pé ara ènìyàn kì í ṣe ilé ọba.

4. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé awọ tó jó tó sì jinná kì í làágùn mọ́. Ooru tó bá wọ inú ara ọkọ mi kì í rí ọ̀nà jáde. Ó ní kí yàrá rẹ̀ máa tutù ní gbogbo àsìkò ooru, kì í ṣe fún ìgbádùn, bí ẹni ń lo oògùn ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ó ti dákú lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ bò fún mi: ó ní bó bá tún dákú lẹ́ẹ̀kẹta, a lè má rí i jí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìyókù.

5. Mo ní máṣíìnì ìránṣọ méjì tẹ́lẹ̀. Mo ta ọ̀kan láti ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ibí gan-an ni ẹ̀bi tèmi wà, n kò sì ní fi pamọ́. N kò bi ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí iná ti jó o, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ńṣe ló máa ń kọjú sí ògiri. Mo rò pé bó bá kàn dé tó bá ilé tútù, inú rẹ̀ yóò dùn, kò ní sí ọ̀rọ̀ tí a óò sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ọlọ́gbọ́n sílẹ̀ nílé, tí mo lọ bi ọlọ́jà léèrè.

6. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà lórí ògiri ṣọ́ọ̀bù náà: oníràwọ̀ méjì, oníràwọ̀ mẹ́ta, àti oníràwọ̀ mẹ́rin. Ìwé yín wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní bí ìràwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀rọ ṣe dára tó. Mo mú oníràwọ̀ mẹ́rin. Ìwé yín kò sọ pé iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ nìkan ni ìràwọ̀ ń kà. Kò sọ pé ìlà kan wà nísàlẹ̀ àmì, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé òun ló ń sọ irú gáàsì tó wà nínú ẹ̀rọ: èyí tó ń gbiná, èyí tí kì í gbiná, èyí tó ń ba ojú sánmà jẹ́. Mo rí ìlà náà o. R410, ìyẹn gáàsì tí kì í gbiná, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bi ọlọ́jà ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní nọ́ńbà ẹ̀rọ lásán ni. Mo gbà, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

7. Ọjọ́ tí ọkọ mi lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn ni wọ́n wá gbé e kọ́. Nígbà tó dé, tó ṣí ilẹ̀kùn, tí atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó tó ọdún méjì tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó dúró lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ó tẹ́tí sí i. Ó ka àmì rẹ̀. Ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù tín-ín-rín tó wà níbẹ̀ láti mọ bó ṣe gbóná tàbí tutù sí. Ó wọlé padà, ó pa ẹ̀rọ. Ó ní ohun tí wọ́n kọ sí i lára kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án.

8. Kí ẹ má baà sọ pé ìbẹ̀rù ló ń ṣe é, mo ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Gééjì nítorí pé kì í jáde láìgbé gééjì tó fi ń wọn agbára gáàsì dání. Ó ní kí ẹ̀rọ náà wà ní pípa fún odidi ọjọ́ kan kí òun tó wọ̀n ọ́n. Nígbà tó wọ̀n ọ́n, ohun tó bá níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ohun tó yẹ kí R410 jẹ́ nínú irú ooru ọjọ́ náà. Ó ní gáàsì méjì ló lè fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ hàn: R22, tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má tà mọ́, tàbí R290, èyí tó jó ọkọ mi. Gééjì ọwọ́ rẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tó lè dárúkọ gáàsì wà lọ́wọ́ yín. A rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé yín, ẹnìkan tó wọ kóòtù funfun gbé e dání, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

9. Lẹ́yìn lẹ́tà mi kejì, ẹ rán akọ̀wé kan wá. Mo kí i dáadáa, mo fún un ní àga tí mo fi ń jókòó ránṣọ. Ó gun orí rẹ̀, ó ka àmì náà sókè ketekete, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ojúlówó ni àmì náà. Gééjì, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Ó ní ẹ̀rọ tí èdìdì rẹ̀ kò tíì ṣí nìkan ni ẹ máa ń yẹ̀ wò, gééjì tí a fi wọ̀n ọ́n sì ti ṣí èdìdì rẹ̀. Nínú lẹ́tà yín àkọ́kọ́, ẹ ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo mú ẹ̀rí wá. Ẹ ní ẹ̀rí náà ló ba ẹjọ́ mi jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ní àwọn kò ní gbà á padà àfi bí ẹ bá kọ̀wé pé kò dára. Ẹ̀yin ní ẹ kò ní kọ̀wé bẹ́ẹ̀ àfi bí ṣọ́ọ̀bù bá kọ́kọ́ gbà pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí akọ̀wé yín ti ń jáde, ó wo ọkọ mi, ó ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bù jẹ náà ló mọ ojú ejò jù.

10. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, oníbàárà kan kó àmì aṣọ ilẹ̀ òkèèrè wá fún mi, ó ní kí n rán an mọ́ ọrùn àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rán nínú yàrá yìí. Mo rán an. Ìṣẹ́jú méjì kò pé lórí ọ̀kan. Aṣọ náà kò yí padà. Ohun tó mú mi sọ èyí ni pé akọ̀wé yín gbà pé ohun tó wà lára ló wà nínú, èmi sì ti fi ọwọ́ ara mi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

11. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, ọkọ mi dákú lẹ́ẹ̀kejì. Mo da omi sí i lára, kò mira. Mo ké pe àwọn ará ilé, kò sẹ́ni tó wà nílé. N kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo tan ẹ̀rọ náà, mo sì jókòó tì í, ẹ̀rù ń bà mí pé mo ń fi ọwọ́ kan gbà á là, mo ń fi ìkejì pa á. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi la ojú. Ó rí iná pupa kékeré lára ẹ̀rọ náà. Kò lágbára àtidìde. Ó já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó di etí aṣọ mi mú, ó sì ń rákò lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ́ mi tẹ̀ lé ara rẹ̀, títí a fi dé inú oòrùn. Mo kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ ló ń gbé sá. Èmi ló ń gbé sá.

12. Ohun tí mo ń bẹ̀ kò pọ̀. Kí ẹ wá yẹ inú ẹ̀rọ náà wò, tàbí kí ẹ yá wa ní ẹ̀rọ yín tó ń dárúkọ gáàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, níṣojú akọ̀wé yín. Gééjì ti ní òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn wá gbé e, òun yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn dá a padà. Bó bá jẹ́ R410 ló wà níbẹ̀, èmi yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ ọlọ́jà, n óò sì tan ẹ̀rọ mi. Bó bá jẹ́ òmíràn, a óò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

13. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìwé tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kọ, fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ìràwọ̀ ń sọ iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, ìlà ìsàlẹ̀ ń sọ gáàsì tó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń rà á sì bi ẹni tó mọ̀ kó tó gbé e lọ sílé. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lára ògiri lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti padà sílé lọ bi ọkọ mi, bó tilẹ̀ kọjú sí ògiri.

14. Bí ẹ kò bá lè ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ó ku ohun kan. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fọwọ́ sí i, ohun tó yẹ kí n ṣe bó bá tún dákú. Gbogbo agbára mi ti pin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá láti tún rẹ aṣọ tí mo tẹ́ sí i láyà sómi kí lẹ́tà yìí tó dé ibi tó dé, omi inú báàfù náà fúnra rẹ̀ sì ti ń gbóná. Rìmóòtù ẹ̀rọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, láàárín àwọn òwú. Ẹ sọ fún mi bóyá kí n tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, tó ń dúró de ọ̀rọ̀ yín,

Aya Ọ̀gá Yìnyín,
Aránṣọ, Ojúlé Kejìlá.