Omi Tó Kó Kúrò Nínú Kànga Ilé Ìgbẹ̀bí

Ọmọ mi àtàtà, Ìyá Àgbà mi,

Báwo ni ara, báwo ni ìwé? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Mo ṣì ń pè ọ́ ní Ìyá Àgbà, nítorí láti kékeré ni o ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti wá sáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ara àwa náà le. Ẹ̀yìn ń ro mí díẹ̀, ṣùgbọ́n agbẹ́kànga tí ẹ̀yìn kò bá ro, ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ ní ṣé o ń jẹun. Má dáhùn pé "díẹ̀díẹ̀" o, nítorí kò ní jẹ́ kí n sinmi.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé èmi ni mo kọ̀wé. Láti ọjọ́ tí a ti fa ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ tí o lọ kọ́, tí mo ní ta ni yóò máa fi ìwé wá omi, n kò bá ọ sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Mo tún pa òwe lé e pé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òwe náà dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Mo gbàgbé pé kò sẹ́ni tó ń gun igi láti wo abẹ́ ilẹ̀.

O ti gbọ́ pé ilẹ̀ mì níbí lóṣù tó kọjá. Kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan lọ. Àwo jó lórí tábìlì, ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, àbúrò mi tó ń fá irùngbọ̀n sì gé ara rẹ̀ lágbọ̀n. Ilé kankan kò wó, a sì ń yọ̀. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, tí wọ́n ju garawa sínú kànga ilé ìgbẹ̀bí tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa, tó sì dún gbàn-ùn lórí òkúta. Kànga tí mo gbẹ́ lọ́dún tí a bí ọ! Àwọn ọkọ aboyún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi wá láti ilé.

Ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Bàbá, a kì í gbẹ̀bí láìsí omi. Àwọn aláṣẹ ti sọ fún mi pé bí oṣù yìí bá parí tí a kò rí omi, kí n ti ilẹ̀kùn." Ilé ìgbẹ̀bí mìíràn jìnnà, wákàtí méjì gbáko nínú ọkọ̀, oyún ìyàwó àbúrò mi sì ti wọ oṣù kẹjọ. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo jí omi náà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi irin àti òòlù lu òkúta fún ọjọ́ mẹ́ta. Eruku ni mo rí. Lọ́jọ́ kẹta yẹn ni ìyá rẹ gbé lẹ́tà tí o kọ lẹ́yìn ìmìtìtì náà síwájú mi, èyí tí mo ti tẹ̀ mọ́ abẹ́ rédíò láìkà á tán.

O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ kì í ṣe odidi kan. Ó pín sí òkúta pẹlẹbẹ ńláńlá tó gba abẹ́ ilé àti abẹ́ òkun kọjá, wọ́n sì ń rìn lórí òkúta gbígbóná tó rọ̀ jù wọ́n lọ. O ní ìrìn wọn kò yá ju bí èékánná ṣe ń hù. Mo wo èékánná mi, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti há mọ́ra, agbára á máa pọ̀ síbẹ̀ títí òkúta á fi yẹ̀ lójijì, ilẹ̀ á sì mì. Èyí yé mi, nítorí bí ilẹ̀kùn tó há ṣe rí nìyẹn: o tì í, tì í, ó kọ̀, àfi gbì! ó ṣí, o sì bá ara rẹ nílẹ̀ yàrá.

O tún ní omi kànga kì í ṣe odò tó ń dá ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, bí mo ṣe ń sọ fún àwọn ènìyàn láti ọgbọ̀n ọdún. Òjò ló ń wọ ilẹ̀, tó ń gba àárín yanrìn àti ẹ̀là òkúta, tó ń yọ́ lọ síbi tó rẹlẹ̀ títí á fi dé odò àti òkun, kí oòrùn tó tún fà á sókè di ìkùukùu. Ìmìtìtì sì lè la òkúta, kí omi bá ẹ̀là tuntun lọ. Nítorí náà omi wa kò kú, ó kó kúrò nílé ni. Mo kà á sókè sétí ìyá rẹ. Ó ní, "Ṣé kò lè fi àdírẹ́sì sílẹ̀ ni?"

O ti kọ bí a ó ṣe wá àdírẹ́sì náà: kí n wọn ibi tí omi dúró sí nínú gbogbo kànga tó kù ní òpópónà, kí n sì wo ìhà tó ń dà sí. Mo mú okùn mi tó ní kókó ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Bíríkìlà tó ń gbé lójúkojú wa gbé rọ́bà gígùn rẹ̀ wá, èyí tó ń rọ omi sí láti fi mọ ibi tó dọ́gba, ká lè mọ bí ẹnu kànga kan ṣe ga ju òmíràn lọ. Omi kànga alágbàfọ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Mo ní ọwọ́ ti bà á. Èmi àti àbúrò mi gbẹ́ kànga tuntun sí ìhà ilé ìgbẹ̀bí tó kọjú sí ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà. A kò rí èyí tó tó bọ́jú.

N kò ní purọ́ fún ọ, ó ku díẹ̀ kí n kọ̀wé bú ọ lọ́jọ́ náà. Alágbàfọ̀ ló ń kọjá lọ, tó yọjú wo ihò náà, tó ní, "Bàbá, aago mélòó lẹ wọn tèmi?" Mo ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti fa ọgọ́ta garawa kí ẹ tó dé! Báwo ni kò ṣe ní rẹlẹ̀?" Ọmọ mi, mo fi ìka àbámọ̀ bọnu. Èmi agbẹ́kànga! Mo mọ̀ pé kànga tí a fà gbọ́dọ̀ sinmi kí omi rẹ̀ tó padà sáyè rẹ̀. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n rántí.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má fa omi láti ìrọ̀lẹ́ títí n óò fi wọn kànga tirẹ̀ láàárọ̀. Mo rò pé wọn yóò lé mi, nítorí ihò gbígbẹ mi kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó kọ̀. Alágbàfọ̀ fi aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú garawa òfìfo, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń ka kókó okùn. Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé eruku ni.

Òdìkejì pátápátá ni omi ń dà sí: ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ ọmọ sí. Ọkùnrin mẹ́sàn-án wá bá wa gbẹ́ ẹ, wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún, ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi ń sun láti inú ẹ̀là òkúta kan. Ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, ó bo ọrùn ẹsẹ̀. Àbúrò mi ń pariwo lókè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?" Mo bu ú, mo fi bọ́jú. Mo kígbe pé, "Ọmọ mi ló rí i!"

Wọ́n gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò sí i, bí o ṣe kìlọ̀. Wọn kò ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó àbúrò mi bímọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin, ó sì fi igbe dá gbogbo wa lóhùn kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ tán.

Dákun, dárí jì mí. Mo ṣàṣìṣe, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ sì dùn mí ju ẹ̀yìn tó ń ro mí lọ. Ilẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Omi kò lọ́tàá, ìwọ náà kò ní rí ọ̀tá. Ohun tí o ń wá yóò máa wá ọ bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn.

Àfikún: Ọkùnrin kan wá láti òpópónà kejì lánàá, ó fẹ́ kí n gbẹ́ kànga fún òun. Mo ní kó ní sùúrù di ìgbà tí ilé ìwé yín bá gba ìsinmi. Ó ní kí ló dé, ṣebí èmi ni agbẹ́kànga? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò tíì dé.