Sílíńdà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Dá Padà Sínú Mọ́tò

Likosi,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Rasheedat Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé orí ò fọ́ ọ mọ́? Gbogbo wa nílé ń kí ọ. Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀ ni Ọlọ́run yóò máa mú ọ padà délé ní Èkó yẹn, a ò ní wá ọ tì.

Mo mọ̀ pé Fàsásì ẹ̀gbọ́n rẹ ti pè ọ́ láti Kano lórí ọ̀rọ̀ Kàúsárà ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀, èmi ni mo wà níbẹ̀, nítorí náà tèmi ni kí o gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, èémí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ìhà rẹ̀ ń wọlé, ètè rẹ̀ dà bí ẹni pé ó lá aró. Mo pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, agbára àwọn ò ká a, Ṣàgámù ni yóò lọ, òun ti pe mọ́tò wọn. Mo ní mọ́tò wo, ṣé èyí tí wọ́n fi ń gbé òkú? Ó ní aláàyè náà ń wọ̀ ọ́.

Mọ́tò dé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Deborah bọ́ sílẹ̀, ó gbé sílíńdà gáàsì dání. Mo ní kó dá a padà, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ dáná. Ó ní afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ kún Likosi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yìí ò lè fa ti Likosi tó mọ́, ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nímú.

Lẹ́yìn náà, kò lọ. Àbẹ̀kẹ́, mo ti so ìborùn mọ́ ìdí, kò lọ. Ó ń fi aago ka èémí, ó ń fa omi sí ọmọ lára, ó ń pe àwọn ará Ṣàgámù pé kí wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ó fi nǹkan há ọmọ ní ìka, nọ́ńbà sì ń gùn lórí ẹ̀rọ bí owó ṣe ń gùn nílé epo. Ó bẹ̀rẹ̀ láti méjìlélọ́gọ́rin. Nígbà tó di àádọ́rùn-ún, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á kó tó pé ọgọ́rùn-ún, pé owó ọwọ́ mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe owó, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni, kí n máa bẹ̀ ẹ́ pé kó gùn sí i.

Mo ní kó jẹ́ kí n fi ọ̀kadà gbé ọmọ mi lọ. Ó ní, Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń ta obì, bí ẹ bá ń kó o lọ Kano, ṣé ẹ kàn ń dà á sínú mọ́tò ni? Mo ní rárá, a ó ṣà á, a ó fi ewé tútù wé e, a ó dì í sínú agbọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ní ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo di ẹsẹ̀ ọmọ mú tí ó fi dì í tán.

Nígbà tí nọ́ńbà di mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, a gbéra. Mọ́tò ń ké, àwọn obìnrin Makun ń káwọ́ lérí, wọ́n rò pé òkú la gbé. Mo yọ orí lójú fèrèsé, mo ń sọ fún wọn pé ó wà láàyè, títí Deborah fi ní kí n jókòó.

Ọjọ́ mẹ́fà la lò níbẹ̀. Ó ti ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ilé ìwòsàn wa níbí kò ní sílíńdà tirẹ̀ rárá. Bí mọ́tò yẹn bá pẹ́ ńkọ́? Àwa olóbì ti pinnu pé a ó ra sílíńdà kan fún wọn, èmi tí mo ní kí wọ́n dá a padà ni wọ́n fi ṣe olórí. Mi ò ní sinmi. Fi ohun tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́, má fi ra aṣọ fún mi lọ́dún yìí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí èémí wọ́n ọ. Kàúsárà ń ké lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, lóhùn rara. Mi ò tíì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàmdálátù.